Owó Ọ̀pọ̀ Ènìyàn Lọ́wọ́ Ẹnì Kan

Ní ọjọ́ kan ní ìparí sáà ẹ̀kọ́, nígbà tí ìdánwò ti parí tí ọkàn àwọn ọmọ kò sì sí nínú ìwé mọ́, a bi kíláàsì wa ní ìbéèrè kan láti fi pa àkókò: bí ẹnì kan nínú yín bá jẹ mílíọ̀nù 50 sẹ́fà nínú lótò lálẹ́ òní, ṣé yóò wá sí ilé-ìwé lọ́la? Ẹ̀rín sọ. Ọ̀kan ní òun yóò wá, ṣùgbọ́n inú ọkọ̀ tuntun ni òun yóò jókòó sí lẹ́nu ọ̀nà, kí gbogbo wa lè rí òun. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó lẹ́yìn, tí a kì í sábà gbọ́ ohùn rẹ̀, ló wá dìde tó sì dá ìbéèrè náà padà sí wa: “Ọ̀gá, ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ̀yin yóò wá kọ́ wa?”

A rẹ́rìn-ín, a sì wo aago. Agogo lù kí a tó rí nǹkan sọ, àwọn ọmọ sì tú jáde. A kò parọ́ fún un, ṣùgbọ́n a kò dá a lóhùn. Láti ọjọ́ náà ni ìbéèrè yìí ti ń bá wa gbé, nítorí pé kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó nìkan ló wà nínú rẹ̀. Ó ń béèrè ohun tí iṣẹ́ jẹ́ fún wa bí a bá yọ owó kúrò níbẹ̀. Bí a bá sì tẹ̀ ẹ́ síwájú díẹ̀, ó ń béèrè bóyá ẹni tí oríire yà lọ́dọ̀ jẹ àwọn tí oríire fò kọjá ní gbèsè kankan.

Kí ẹnikẹ́ni tó bẹ̀rẹ̀ sí í bá atatẹ́tẹ́ wí, ẹ jẹ́ kí ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò kékeré kan. Láti oṣù Kìíní ọdún 2023, owó iṣẹ́ tó kéré jù tí òfin fi lélẹ̀ ní Benin jẹ́ 52,000 sẹ́fà lóṣù. Ẹni tó ń gba owó yìí, tí kò bá jẹun, tí kò wọṣọ, tí kò rán ọmọ lọ sí ilé-ìwé, tó sì ń kó gbogbo rẹ̀ pamọ́, yóò lo nǹkan bí 80 ọdún kí ó tó pé mílíọ̀nù 50. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ta ọjà àti àwọn tó ń roko kò sì rí 52,000 náà gan-an. Nítorí náà, ọkùnrin tó dúró níwájú àtíbàbà lótò ní ìkóríta pẹ̀lú 200 sẹ́fà lọ́wọ́ kì í ṣe òmùgọ̀. Ó mọ̀ pé ọ̀nà tí òun ń rìn kò lè gbé òun débẹ̀, ó sì ń wá ọ̀nà mìíràn. Kì í ṣe òní lọ bẹ̀rẹ̀: láti ọdún 1967, nígbà tí orílẹ̀-èdè yìí ṣì ń jẹ́ Dahomey, ni ìjọba ti ní ilé-iṣẹ́ lótò tirẹ̀. A mọ àwọn bàbá tí kò fojú rí ẹṣin eré-ìje rí, tí wọ́n sì mọ orúkọ àwọn ẹṣin tó ń sáré ní Vincennes lẹ́bàá Paris ju bí wọ́n ti mọ orúkọ àwọn ọmọ-ọmọ wọn lọ. Àwọn ọmọ wọn ti kúrò nídìí ẹṣin ní tiwọn. Orí tẹlifóònù ni wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, àwọn kan nínú kíláàsì wa, lábẹ́ tábìlì.

Ibi tí owó tí wọ́n ń jẹ náà ti ń wá ni kí a wò. Nínú lótò tí wọ́n ti ń fa nọ́ńbà 5 yọ nínú 90, èyí tó wọ́pọ̀ ní agbègbè wa, ọ̀nà 43,949,268 ni nọ́ńbà márùn-ún náà lè gbà jáde. Nítorí pé iye yìí pọ̀ ju ohun tí ọkàn lè gbé lọ, nọ́ńbà méjì péré ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń mú. Bí a bá ń so nọ́ńbà pọ̀ ní méjì-méjì nínú 90, ọ̀nà 4,005 ló wà. Mẹ́wàá nínú wọn ló ń jẹ nígbà kọ̀ọ̀kan tí wọ́n bá fa márùn-ún yọ. Nínú nǹkan bí 400 ènìyàn, ẹnì kan ni yóò jẹ. Ní Ghana, ìlọ́po 240 owó tí ó fi ta á ni wọ́n máa ń san fún un. Ẹ jẹ́ kí a fi sẹ́fà tiwa ṣírò rẹ̀: bí 400 ènìyàn bá mú 100 sẹ́fà wá lẹ́nì kọ̀ọ̀kan, 40,000 ló wọlé. Ẹnì kan kó 24,000 lọ. 16,000 tó kù di ti ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ti ilé-iṣẹ́ lótò àti ti ìjọba.

Nígbà tí a kọ ìṣirò yìí sára pátákó, 16,000 náà ni àwọn ọmọ ń wò. Wọ́n ní: “Ẹ ò rí i pé olè ni wọ́n!” Ṣùgbọ́n 24,000 ló yẹ kí a wò. Ọgọ́rùn-ún péré nínú rẹ̀ ló ti àpò ẹni tó kó o jáde. 23,900 yòókù, ti àwọn 399 tó kù ni: ọ̀kan fẹ́ fi tirẹ̀ ra gààrí tẹ́lẹ̀, òmíràn yọ ọ́ nínú owó oògùn ìyá rẹ̀, ẹlòmíràn sì ní in ní àníkún, kò sì dùn ún bí ó ti lọ. Kò sí sẹ́fà kan níbẹ̀ tó já bọ́ láti òkè ọ̀run. Owó ọ̀pọ̀ ènìyàn ni, tó wà lọ́wọ́ ẹnì kan.

A ní nǹkan kan nílẹ̀ wa tó jọ ọ́, tó sì yàtọ̀ sí i pátápátá. Obìnrin méjìlá nínú ọjà ń dá èsúsú, ẹnì kọ̀ọ̀kan ń mú 10,000 sẹ́fà wá lóṣù. Ní oṣù àkọ́kọ́, ẹni tó kàn kó 120,000. Ẹ wo ìṣesí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Inú rẹ̀ dùn, ó lè ra aṣọ, ó lè fi kún ọjà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó mọ̀, gbogbo ìsọ̀ tó yí i ká sì mọ̀, pé ajigbèsè ni láti ọjọ́ náà lọ. Oṣù mọ́kànlá sí i ni yóò fi máa mú 10,000 rẹ̀ wá. Bí ó bá palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́ lóru tó sì gba Lomé lọ, a mọ orúkọ tí wọn yóò máa pè é, wọn yóò sì pe ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn. Bí ó bá ní orí òun ló gbé owó náà fún òun, ta ni yóò gbọ́?

Ẹni tó jẹ lótò náà kó owó àwọn ẹlòmíràn. Kí ló dé tí a kò fi pe òun ní ajigbèsè? Àwọn ọmọ wa tètè fèsì: àwọn tó pàdánù mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, ẹnikẹ́ni kò fipá gba owó wọn, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n mọ̀ pé ó lè má padà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó jẹ kì í fi í ṣe olè, tí a kò sì gbọ́dọ̀ pè é bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n àyè gbígbòòrò wà láàárín olè àti ẹni tí kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ọmọ tí àwọn ará abúlé dáwó jọ fún láti lọ kàwé ní yunifásítì kò jí owó wọn. Tọkàntọkàn ni wọ́n fi fún un. Síbẹ̀, bí ó bá di dókítà tí kò sì ní yà sí abúlé náà mọ́ láéláé, aláìmoore ni a ó pè é. Ó jẹ wọ́n ní ohun tí kò sí nínú ìwé àdéhùn kankan.

Ẹnì kan lè sọ pé àfiwé yìí kò bára mu, pé àwọn 399 náà kò fẹ́ ṣe ẹnikẹ́ni lóore, pé ọgọ́rùn-ún sẹ́fà tirẹ̀ ni àwọn náà wá kó. A gbà. Àtakò tó lágbára ni, ó sì pẹ́ kí a tó rí ohun tí a lè fi dá a lóhùn. Ohun tí a rí ni pé àtakò náà kò pa gbèsè rẹ́. Ó kàn fi hàn pé kò sí ẹnì kan pàtó tó lè wá sin ín. A kò lè to àwọn 399 sí ẹnu ọ̀nà kí a máa pín 50 sẹ́fà fún wọn. Gbèsè tí kò bá ní olówó kan pàtó, àwùjọ ni olówó rẹ̀.

Níbi tí a bá ti dárúkọ àwùjọ ni owó orí ti ń wọ ọ̀rọ̀, ojú a sì le. Ó nídìí tó fi ń le. Ọdún 1899 ni ìjọba Faransé gbé owó orí kalẹ̀ ní Dahomey, orí ènìyàn ni wọ́n sì ń kà lóòótọ́: wọn kò béèrè bóyá oko so, wọn kò béèrè bóyá ẹni tó ni orí náà jẹun. Àwọn Ọ̀họ̀rí, ní apá Pọ́bẹ̀, gbé ìjà ko ìjọba náà nígbà Ogun Àgbáyé Kìíní. Owó orí wà lára ohun tó bí wọn nínú, pẹ̀lú bí wọ́n ṣe ń fipá kó àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin lọ sógun. Ta ló lè bá wọn wí? Ṣùgbọ́n ó jọ pé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa kọ́ láti inú ìtàn yẹn ni pé gbogbo owó orí, ìrẹ́jẹ ni, nígbà tí ohun tí àwọn baba wa kọ̀ jẹ́ owó tí kò wo agbára ẹni tó ń san án. (A máa ń rẹ́rìn-ín nínú ara wa nígbà tí ẹni tó jẹ tẹ́tẹ́ bá ń pariwo pé orí òun ló ṣe é, bẹ́ẹ̀ ni kò sì fẹ́ gbọ́ owó orí sétí.)

Àwọn orílẹ̀-èdè kò fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ní ilẹ̀ Faransé àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tó jẹ lótò kì í san owó orí lórí ohun tó jẹ. Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ń kà á mọ́ owó tó wọlé fún ènìyàn, gẹ́gẹ́ bí owó iṣẹ́: bí ohun tó jẹ nínú lótò bá ju 5,000 dọ́là lọ, ìjọba àpapọ̀ a yọ ìdá 24 nínú 100 kí owó tó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ní ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 2002, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Jack Whittaker, ará West Virginia, jẹ lótò tí wọ́n pe iye rẹ̀ ní mílíọ̀nù 314.9 dọ́là. Ó yàn láti gba owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo dípò kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀ lọ́dọọdún. Nítorí èyí àti nítorí owó orí, nǹkan bí mílíọ̀nù 113 ló dé ọwọ́ rẹ̀. Nígbà tí a sọ èyí ní kíláàsì, àwọn ọmọ fi igbe ta. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkùnrin náà sọ fún àwọn oníròyìn ní ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà pé ì bá wu òun kí òun ti fa tíkẹ́ẹ̀tì náà ya, kì í ṣe owó orí ló ń sunkún lé lórí. Àwọn olè ti fọ́ ọkọ̀ rẹ̀, àwọn ènìyàn ti pè é lẹ́jọ́ léraléra, ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin sì ti kú ní ọdún 2004. Oníṣòwò tó lówó ni kó tó jẹ lótò rárá.

Àwọn tó ní kí a má gba owó orí lọ́wọ́ ẹni tó jẹ ní àwíjàre kan tó dára: wọ́n ní ìjọba ti gba tirẹ̀ tẹ́lẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìdá 12 nínú 100 owó tíkẹ́ẹ̀tì lótò orílẹ̀-èdè ń lọ sọ́wọ́ ìjọba gẹ́gẹ́ bí owó orí. Ṣùgbọ́n ta ló san án? Gbogbo wọn ló san án ní dọ́gbadọ́gba, ẹni tó kó owó lọ àti àwọn tó fi ọwọ́ òfo lọ sílé. Ẹ padà wo àwọn 400 wa. Owó tó ń mú lọ́wọ́ gbogbo ènìyàn bákan náà, láìwo ẹni tó ní àti ẹni tí kò ní, ohun tí àwọn Ọ̀họ̀rí kọ̀ nìyẹn.

Ohun yòówù kí òfin orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan wí, ohun tó tọ́ ni àwa ń wá níhìn-ín. Ní Benin, bí owó oṣù ènìyàn bá ti kọjá 60,000 sẹ́fà, ìjọba a yọ tirẹ̀ kí ó tó rí i. Ẹni tó ra àpò símẹ́ńtì kan láti fi tún ògiri ilé ìdáná rẹ̀ mọ san 18 lórí 100, ní Benin àti ní Togo. Bí ẹni tó fi oṣù kan gbáko ṣiṣẹ́ bá ń san tirẹ̀, ó ṣòro fún wa láti rí ìdí tí ẹni tó rí owó iṣẹ́ 80 ọdún ní òru ọjọ́ kan kò fi ní san. A kò sọ èyí láti gbè sẹ́yìn ìjọba o. Ìjọba tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì fún aláìní, tó ń polówó rẹ̀ lórí rédíò, tí yóò tún fi iwájú rere bá a sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ àṣekára, dà bí ẹlẹ́mu tó ń bá ọ̀mùtí wí. Bí ilé-ìwé tí owó náà yẹ kí ó tún ṣe kò bá ní òrùlé, gbèsè náà ṣì wà nílẹ̀, ọrùn ẹlòmíràn ló kàn bọ́ sí.

Ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ló kù. Òun ló nira fún wa jù láti sọ, nítorí pé ọwọ́ wa kò mọ́ nínú rẹ̀. Ọkùnrin kan wà ní àdúgbò wa tó ń ṣe zémìjàn. Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó jẹ 800,000 sẹ́fà nínú tẹ́tẹ́ ẹṣin. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tó fi ta alùpùpù rẹ̀. Ó ní ẹni tó lówó kì í gbé ènìyàn sẹ́yìn kiri nínú òjò. Ó se àsè. Ó fún ẹbí, ó fún ọ̀rẹ́. Ó pe àwa náà, ó fi 10,000 sẹ́fà sínú àpòòwé, ó ní kí olùkọ́ àwọn ọmọ òun fi ra ìwé. A gbà á, a sì dúpẹ́. A kò bi í léèrè ohun tó fẹ́ ṣe lọ́la, bẹ́ẹ̀ àwa la kàwé jù ní ojúlé yẹn. Kí oṣù márùn-ún tó pé, owó ti tán.

Pé owó tán kò yà wá lẹ́nu. Ohun tó sọ fún wa lẹ́yìn náà ló yà wá lẹ́nu. Nígbà tó ń ṣiṣẹ́, ó ní obìnrin méjì tó máa ń gbé lọ sí ọjà ní kùtùkùtù. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ni wọ́n ti ń pe orúkọ rẹ̀ láti ìta, àwa náà a sì máa gbọ́ wọn lórí ibùsùn wa. Nígbà tó ta alùpùpù, wọ́n wá ẹlòmíràn. Ó ní òun ṣì máa ń jí ní aago márùn-ún, òun a jókòó sórí ẹní, òun a máa retí ohùn wọn, kí òun tó rántí pé kò sí ẹni tó ń bọ̀. Owó ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà náà. Àwọn àgbà ní ìṣẹ́ kì í pani, ayọ̀ ní ń pani. Tẹ́lẹ̀, a rò pé jíjẹ-mímu àṣejù nìkan ni òwe náà ń bá wí. Lónìí, alùpùpù ẹlòmíràn ló ń gùn, alaalẹ́ ló sì ń san owó fún ẹni tó ni ín.

Àwọn onímọ̀ ti wádìí irú ọ̀rọ̀ yìí ní Amẹ́ríkà. Nínú ìwádìí kan tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 2004 lórí ènìyàn 117 tó jẹ lótò, ó ju 85 lọ nínú 100 wọn tó ń bá iṣẹ́ lọ lẹ́yìn tí wọ́n jẹ. Àwọn ọmọ wa kò gbà á gbọ́ nígbà tí a sọ ọ́. Ìwádìí mìíràn ti wà ṣáájú, ní ọdún 1978, lórí ènìyàn 22 tó jẹ owó ńlá ní Illinois: inú wọn kò dùn ju ti àwọn ẹlòmíràn lọ tó bí ènìyàn ṣe lè rò, adùn tí wọ́n sì ń rí nínú àwọn nǹkan wẹ́wẹ́ ojoojúmọ́ ti dín kù. Àwọn nǹkan tí wọ́n bi wọ́n léèrè ni bíbá ọ̀rẹ́ sọ̀rọ̀, jíjẹ oúnjẹ àárọ̀, gbígbọ́ àwàdà, àti kíka ìwé ìròyìn bí irú èyí tó wà lọ́wọ́ yín yìí.

Ṣùgbọ́n ó yẹ kí a ṣọ́ ẹnu wa. Olùkọ́ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ òrùlé, tó ń sinmi nígbà ìsinmi, kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ fún obìnrin tó ń fi òòlù fọ́ òkúta lẹ́bàá títì pé kí ó jẹ mílíọ̀nù 50 kí ó sì padà sídìí òkúta rẹ̀. Kí ó má padà o! Iṣẹ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé kí ènìyàn sá kúrò nínú rẹ̀ ni ọgbọ́n. Bí ó bá fi owó náà ṣí ìsọ̀, tí ó ń ta ìrẹsì àti òróró, tí àwọn ènìyàn ń kan ilẹ̀kùn rẹ̀ láàárọ̀ tí wọ́n ń pe orúkọ rẹ̀, iṣẹ́ kò kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí oní-zémìjàn wa pàdánù nìyẹn: pé ẹnì kan wà tó ń retí rẹ̀. Àárín àwọn tó ń retí ara wọn yìí gan-an ni owó lótò ti jáde, ní 100 sẹ́fà, 100 sẹ́fà. Ẹni tó kó owó àwùjọ tó sì yọ ara rẹ̀ kúrò láàárín wọn ṣe bí obìnrin tó kó èsúsú lọ sí Lomé, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àga ẹnu ọ̀nà ilé rẹ̀ ló jókòó sí.

Nígbà tí ilé-ìwé wọlé ní oṣù Kẹ́sàn-án, a wá ọmọbìnrin náà rí ní kíláàsì tuntun tó wà, a sì sọ fún un pé a ti rí èsì sí ìbéèrè rẹ̀. A ní a ó wá. Bóyá kì í ṣe ní ọjọ́ kejì, bóyá a ó fi ọ̀sẹ̀ kan sùn ná, ṣùgbọ́n a ó wá. Ó ronú díẹ̀. Ó ní: “Owó orí ńkọ́? Ṣé ẹ ó jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́?” A ní a ó jẹ́ kí wọ́n yọ ọ́. Ó wò wá lójú, ó rẹ́rìn-ín, ó ní: “Ọ̀gá, ẹ ò tíì jẹ ẹ́ ni.”